Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín: Ìwé Ìkẹyìn Nínú Ìtàn Zélie

Lẹ́tà tí ó pọ̀ jù lọ tí a rí gbà ní oṣù yìí dá lórí ìwé kan ṣoṣo, Children of Anguish and Anarchy, ìwé kẹta àti ìkẹyìn nínú ìtàn àròsọ onídán tí Tomi Adeyemi kọ fún àwọn ọ̀dọ́ nípa ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Zélie. Ìwé àkọ́kọ́, Children of Blood and Bone, jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018. Èkejì, Children of Virtue and Vengeance, tẹ̀ lé e ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ẹ̀kẹta kò sì dé ọwọ́ òǹkàwé títí di ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2024. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n orúkọ òrìṣà wa, orúkọ ìlú wa àti ọfọ̀ tí a fi èdè Yorùbá kọ wà nínú wọn, nítorí náà kò yà mí lẹ́nu pé òbí, olùkọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn ń béèrè nípa rẹ̀. Mo ti yan àwọn ìbéèrè tí ó ṣe kókó. N kò ní sọ bí ìtàn náà ṣe parí, nítorí àwọn tí kò tíì kà á.

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, ti ka ìwé méjì àkọ́kọ́ ní àkàtúnkà, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n ra ẹ̀kẹta fún òun. Àbúrò mi tí ó ti kà á ní kí n má fi owó mi ṣòfò, pé ńṣe ni òǹkọ̀wé sáré parí rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ ra ìwé náà fún un. Ọmọ tí ó ti bá Zélie rìn láti ọjà Èkó títí dé ẹnu ọ̀nà ààfin kò yẹ kí ó gbọ́ ìparí ìtàn náà lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí àwọn tí kò tíì ka ìwé wọ̀nyí lè máa bá wa bọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí. Ní ilẹ̀ tí Adeyemi pè ní Orïsha, ọba Saran ti pa àwọn tí ó ní agbára òrìṣà run ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ìyá Zélie sì wà lára àwọn tí wọ́n pa. Àwọn ọmọ wọn tí ó ṣẹ́ kù, tí irun funfun tí ó wà lórí wọn ń jẹ́ kí gbogbo ayé dá wọn mọ̀, di ẹni ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tí a ń di owó orí tí ó wúwo lé lórí. Ní ọjọ́ tí Zélie lọ ta ẹja ní Èkó ni ó ṣe alábàápàdé Amari, ọmọ ọba, tí ó jí ìwé kíká kan (irú èyí tí a ń ká bí ẹní) gbé sá kúrò ní ààfin lẹ́yìn tí baba rẹ̀ pa Binta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ìwé kíká yìí ni ó ń jí agbára tí ó ti sùn. Zélie, Amari àti Tzain, ẹ̀gbọ́n Zélie ọkùnrin, gbé e rin ìrìn àjò tí ó jìn, Inan tí í ṣe ẹ̀gbọ́n Amari sì ń lépa wọn. Nínú ìwé kejì, agbára ti padà, ṣùgbọ́n ó padà sára àwọn ọlọ́lá tí ó ti ń ni àwọn ẹlòmíràn lára pẹ̀lú, ogun abẹ́lé sì bẹ́ sílẹ̀. Òru tí Zélie àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gba ààfin ni ìwé kejì parí sí. Nígbà tí ìwé kẹta ṣí, inú àgò lórí ọkọ̀ ojú omi àjèjì ni wọ́n wà, ọwọ́ àwọn jagunjagun tí a ń pè ní Skulls ti tẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ilẹ̀ tí wọn kò mọ̀ rí. Baldyr, ọba àwọn Skulls, ń wá Zélie fún agbára tí ó wà lára rẹ̀, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ilẹ̀ run lórí ìwákiri náà.

Àbúrò yín kò parọ́ nípa ìsáré náà. Ìwé àkọ́kọ́ lé ní ojú ewé 500. Ìwé kẹta kò pé 400, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó gbé ẹrù tí ó wúwo jù: ọ̀tá tuntun, ilẹ̀ tuntun, ọ̀rẹ́ tuntun, àti ìparí ọ̀rọ̀ àwọn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn orí rẹ̀ kúrú, ìjà ń gun ìjà lẹ́yìn, ibi tí òǹkàwé ìbá ti fẹ́ kí àwọn ẹ̀dá ìtàn jókòó bá ara wọn sọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹni tí ó ti dúró fún ọdún mẹ́rin ààbọ̀ lè bínú sí i, mo sì gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ṣùgbọ́n ọmọ yín yóò ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ̀ léra, ìbànújẹ́ ìdúró yẹn kò ní sí fún un.

Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, Mà. Ìwà ipá inú àwọn ìwé wọ̀nyí le. Nínú ìwé àkọ́kọ́, wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ ọ̀rọ̀ èébú sí ẹ̀yìn Zélie nígbà tí ó wà ní ìgbèkùn ọba, àpá náà kò sì kúrò lára rẹ̀ àti lọ́kàn rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ inú ìwé kẹta tún ṣí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Tí ẹ bá lè kà á tẹ̀ lé e, ẹ kà á, kí ẹ lè mọ ohun tí ó ń rò nígbà tí ó bá dákẹ́.

Ìbéèrè: Mo ń darí ẹgbẹ́ ìkàwé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sí ìwé kẹta yìí. Wọ́n ní láti ìwé kìíní ni a ti ń bá ọba àti àwọn ọlọ́lá jà, báwo ni àjèjì ṣe wá ti òkè òkun já wọlé ní ìwé ìkẹyìn tí ó di ọ̀tá? Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, "Ta ló pè wọ́n?" N kò rí èsì fún un. (Olùkọ́ kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ náà dáadáa, nítorí wọ́n ti fi ọwọ́ kan ohun tí ó yẹ kí a wò nínú ìwé ìkẹyìn èyíkéyìí: àwọn wo ni òǹkọ̀wé jẹ ní gbèsè láti ẹ̀yìn wá, ǹjẹ́ ó sì san án? Lójú tèmi, gbèsè méjì ni ó wà lọ́rùn Adeyemi. Ó san ọ̀kan dáadáa. Ó san díẹ̀ lára èkejì, ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Èyí tí ó san ni ti ọkọ̀ ojú omi. Amẹ́ríkà ni a bí Adeyemi sí, àwọn òbí rẹ̀ sì ti Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì Harvard, ó lọ ṣe ìwádìí ní Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, ibẹ̀ ni ó sì ti rí àwòrán àwọn òrìṣà tí ó gbé ìtàn yìí sí i lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ronú sí i. Ọmọ Yorùbá kan tí a bí sí Amẹ́ríkà lọ bá òrìṣà àwọn baba rẹ̀ pàdé ní Bràsíl. Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Inú ọkọ̀ ni àwọn tí ó mọ oríkì wọn bá lọ, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn.

Àwọn tí a kó sínú ọkọ̀ láti Áfíríkà nínú òwò ẹrú orí Òkun Àtìláńtíìkì lé ní mílíọ̀nù 12. Àwọn Yorùbá pọ̀ púpọ̀ nínú àwọn tí a kó lọ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé ń tú ká, tí ìlú ń gbógun ti ìlú, tí àwọn tí ogun bá kó sì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọn yóò fi dé etíkun ní Èkó, Àgbádárìgì tàbí Wìdà. Nagô ni wọ́n ń pè wọ́n ní Bahia, Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n ní Kúbà. Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Nagô dìde ogun ní ìgboro Salvador láti já ara wọn gbà, wọ́n sì jà kí àwọn ọmọ ogun tó borí wọn. Kúbà kò fòpin sí oko ẹrú títí di ọdún 1886, Bràsíl kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ títí di ọdún 1888.

Nítorí náà, tí ọmọ yẹn bá tún béèrè pé ta ló pè wọ́n, ẹ sọ fún un pé bí ó ṣe rí fún àwọn baba wa gan-an nìyẹn. A ń bá ara wa jà lórí oyè àti lórí ilẹ̀, olúkúlùkù rò pé ọ̀tá òun kò ju ẹni tí ó wà ní òdì kejì odò lọ, ọkọ̀ sì ti gúnlẹ̀ sí etíkun. Amari ọmọ ọba àti Zélie ọmọ apẹja, tí ìjà ti ya wọ́n, bá ara wọn nínú ìgbèkùn kan náà, ẹni tí ó kó wọn kò sì béèrè ta ló jàre nínú ìjà abẹ́lé wọn. Ojú ibẹ̀ ni mo ti rí ìdí tí ìtàn yìí fi lè jẹ́ mẹ́ta. Ìwé méjì ni a fi ń jà nílé. Ìwé kẹta ni a fi mọ ohun tí ìjà ilé ṣí ilẹ̀kùn fún.

Nítorí pé Abẹ́òkúta ni ẹ wà, olùkọ́, ẹ ní ohun kan tí ẹ lè fún wọn kà pẹ̀lú rẹ̀. Samuel Àjàyí Crowther, tí ogun kó ní Òṣoògùn ní ọdún 1821, kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1837. Ó sọ bí wọ́n ṣe so àgbàlagbà àti ọmọdé pọ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n gígùn kan ṣoṣo tí ó gba inú irin ọrùn olúkúlùkù kọjá, bí inú bá sì bí àwọn àgbà, wọn á fa ẹ̀wọ̀n náà pẹ̀lú agbára tí irin á fi ha ọrùn àwọn ọmọ kéékèèké. Ní alẹ́, tí wọ́n bá fà á mọ́ra kí ó lè fúyẹ́ lára wọn, èémí àwọn ọmọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè jáde. Ọmọdé ni Àjàyí nígbà náà. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ àwọn ará Potogí ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Ní ìlú yín ni òun àti ìyá rẹ̀ ti tún fojú kan ara wọn ní ọdún 1846. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ka ojú ewé díẹ̀ tí Crowther kọ, kí wọ́n tó padà sí orí àkọ́kọ́ ìwé Adeyemi, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn yóò yí padà.

Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún wọn pé wọn kò jàre rárá, nítorí gbèsè kejì wà nílẹ̀, ti àwọn ẹ̀dá ìtàn fúnra wọn ni. Kò sí ẹni tí ó gbúròó Baldyr nínú ìwé àkọ́kọ́. Òǹkọ̀wé ìbá ti jẹ́ kí apẹja kan rí ọkọ̀ àjèjì lọ́nà jíjìn, tàbí kí oníṣòwò kan ní Èkó sọ̀rọ̀ nípa ìlú kan tí ó di ahoro ní òkè òkun, òǹkàwé ì bá rántí rẹ̀ nígbà tí àwọn Skulls bá dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpinnu tí Amari ṣe lójú ogun nínú ìwé kejì, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Zélie, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ìwé kẹta fi àyè púpọ̀ gbọ́. Ọ̀rẹ́ méjèèjì yìí ni ọkàn ìtàn náà láti ọjọ́ ọjà Èkó. Ohun tí mo ń retí ni pé kí wọ́n dojú kọ ara wọn, kí ọ̀kan sọ ohun tí ó dùn ún, kí èkejì sì rí ibi tí kò ti lè sá lọ. Wàhálà inú ọkọ̀ àti ogun tí ń bọ̀ kò jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ bí ó ti yẹ. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ pé ta ni yóò jọba, àti báwo ni àwọn ọlọ́lá tí ó gba agbára yóò ṣe bá àwọn tí wọ́n ti ń ni lára gbé, èyí tí ìwé kejì fi gbogbo ara rẹ̀ béèrè. Àwọn ọmọ yín tí inú ń bí, lórí èyí, mo wà lẹ́yìn wọn.

Ìbéèrè: Alàgbà ìjọ ni mí. Ọmọkùnrin mi kò gbé ìwé wọ̀nyí sílẹ̀. Ṣé òrìṣà tí àwọn baba wa ń bọ ni wọ́n wà nínú wọn, àbí àròsọ lásán? Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. (Bàbá kan, Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú àmójútó. Àròsọ ni, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ wà nílé, àti ní òkè òkun pẹ̀lú. Ẹ̀yà mẹ́wàá ni Adeyemi pín àwọn alágbára inú ìtàn rẹ̀ sí, òrìṣà kọ̀ọ̀kan sì ni olórí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Ṣàngó ń pàṣẹ fún iná, àwọn ọmọ Yemọja ń pàṣẹ fún omi, àwọn ọmọ Ògún ní ti ilẹ̀ àti irin. Títí dé ibẹ̀, kò sí ohun tí yóò ṣe àjèjì sí yín.

Ti Oya ni ó yàtọ̀. Ọmọ Oya ni Zélie, agbára tí ó sì ní ni ti ikú: ó ń pe ẹ̀mí àwọn òkú jáde láti jà fún un. Nílé níhìn-ín, ẹni tí ó bá dárúkọ Oya, afẹ́fẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wa lọ́kàn, ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókè lókè, ìyàwó Ṣàngó, òrìṣà tí a fi orúkọ rẹ̀ pe Odò Ọya, tí Irá sì jẹ́ ìlú rẹ̀. Lóòótọ́, okùn ìbátan wà láàárín òun àti egúngún nílé, nítorí náà ọ̀rọ̀ òkú kò ṣàìkàn án. Ṣùgbọ́n Kúbà ni a ti fi í sí ẹnu ọ̀nà ibojì gẹ́gẹ́ bí olùṣọ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ Ayao, àbúrò Oya, ẹni tí Adeyemi fi afẹ́fẹ́ lé lọ́wọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Bí ó ṣe kọ orúkọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Bràsíl ni a ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Chandomblé tí ó pe tẹ́ḿpìlì inú ìwé àkọ́kọ́ sì fara jọ orúkọ ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn ará Bahia ń ṣe títí di òní. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá bá àgbàlagbà kan jiyàn nípa Oya, tí àgbàlagbà náà sì ní irọ́ ni, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ náà gbà wá.

Ní ti ìgbàgbọ́ yín, ìwé náà kò pe ẹnikẹ́ni sí ìdí ìbọ. Ohun tí ó wà lọ́kàn òǹkọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí ó ti kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìwé àkọ́kọ́, ni ikú àwọn ènìyàn dúdú, àwọn ọmọdé pẹ̀lú, lọ́wọ́ ọlọ́pàá ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí a ń pa nítorí bí Ọlọ́run ti dá wọn ni àwọn onírun funfun inú ìtàn rẹ̀ dúró fún. Ẹ ní kí ọmọ yín ka ojú ewé yẹn sókè fún yín, Bàbá, kí ẹ sì jọ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ Ìlọrin ni mí. Kí ló dé tí òǹkọ̀wé yìí gbé ìlú wa sórí omi?

Ìdáhùn: Orúkọ nìkan ni ó yá. Nínú ìtàn náà, abúlé apẹja tí ó léfòó lórí omi ni Ìlọrin, Ìbàdàn wà láàárín àwọn òkè, Èkó sì ni ìlú ọba. Odò Asà gba inú Ìlọrin wa kọjá, ṣùgbọ́n a kò kọ́lé sórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ohun tí ó sún mọ́ abúlé Zélie, kí ó wo Mákòkó lẹ́bàá ọ̀sà Èkó, tàbí Ganvié lórí adágún Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn ènìyàn ti kọ́ ilé sórí òpó nínú omi láti sá fún àwọn tí ń kó ẹrú. Mo fẹ́ràn láti ronú nípa Ganvié nígbà tí mo bá ń ka ìwé kẹta, bí òǹkọ̀wé kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí a kúkú dúró de fíìmù? (Òǹkàwé kan, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Rárá. Ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni fíìmù náà dá lé. Ilé iṣẹ́ Paramount ti kéde pé ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2027 ni yóò jáde. Gina Prince-Bythewood ni olùdarí rẹ̀, Thuso Mbedu láti South Africa ni yóò ṣe Zélie, Viola Davis yóò sì ṣe Mama Agba, ìyá àgbà tí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí a ṣe ń fi ọ̀pá jà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìtàn náà ṣe parí, inú ìwé kẹta ni yóò ti rí i.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí. Mo ń kọ ìtàn onídán ní èdè Yorùbá, mo sì fẹ́ kí ó jẹ́ ìwé mẹ́ta. Mo ti kọ méjì, ẹ̀kẹta kò fẹ́ parí. Kí ni mo lè rí kọ́ lára ìwé Adeyemi? Ṣé ẹnikẹ́ni tilẹ̀ ti kọ irú rẹ̀ ní Yorùbá rí? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ ju bí mo ti lè sọ lọ. Wọ́n ti kọ ọ́ rí, kí wọ́n tó bí àwọn òbí rẹ pàápàá. D. O. Fágúnwà kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní ọdún 1938, Igbó Olódùmarè ní ọdún 1949, lẹ́yìn náà Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, tí a ń kà sí apá kẹta. Lọ kà wọ́n tẹ̀ léra, kí o sì wo ohun tí ó ṣe. Kò gbé ogun kan láti ìwé dé ìwé. Àkàrà-ògùn ni akọni ìwé kìíní. Nígbà tí ó di èkejì, Fágúnwà padà sẹ́yìn, ó ní kí a gbọ́ ti Olówó-ayé, baba Àkàrà-ògùn. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹta, ó tún gbé akọni mìíràn dìde. Ohun tí ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni igbó, ìrìn àjò, àti òǹkọ̀wé tí ó jókòó pẹ̀lú kálámù tí ẹnìkan fi wá ń ròyìn fún un. Ẹni tí ó bá ka apá kẹta nìkan kò pàdánù ohun kan, nítorí ìwé kọ̀ọ̀kan ti san gbèsè rẹ̀ kí ó tó parí.

Ọ̀nà Adeyemi ni èkejì. Ogun kan ṣoṣo ni ó gùn láti orí àkọ́kọ́ ìwé kìíní dé orí ìkẹyìn ìwé kẹta, nítorí náà ohun gbogbo tí ó fi sílẹ̀ láìparí ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Kọ́kọ́ mọ èyí tí ìwọ ń kọ nínú méjèèjì, nítorí mo fura pé ibẹ̀ ni ìwé kẹta rẹ ti há. Tí ó bá jẹ́ irú ti Fágúnwà, o lè gbé akọni tuntun jáde láìbẹ̀rù. Tí ó bá jẹ́ irú ti Adeyemi, kó ìwé méjì tí o ti kọ sílẹ̀, kí o kọ orúkọ gbogbo ẹ̀dá ìtàn rẹ sórí ìwé pẹlẹbẹ kan, kí o sì kọ ohun tí ẹnìkan jẹ ẹ́ tàbí tí òun jẹ ẹlòmíràn sí iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan: ta ló da ta, ta ló ṣèlérí tí kò mú un ṣẹ, ikú ta ni kò tíì sí ẹni tí ó sunkún rẹ̀. Àwọn ìyẹn ni kí o kọ ìran fún ṣáájú ogun ńlá. Tí o bá fi wọ́n dé ìparí ogun, ó lè rẹ̀ ọ́ kí o tó dé ibẹ̀, ohun tí mo sì rò pé ó ṣẹlẹ̀ sí Amari àti Zélie nìyẹn.

Ọ̀tá rẹ ìkẹyìn, ṣé a ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, tàbí ti ìlú rẹ̀, nínú ìwé kìíní? Níwọ̀n ìgbà tí o kò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde, àǹfààní ńlá wà lọ́wọ́ rẹ tí Adeyemi kò ní mọ́ nígbà tí ó ń kọ ìwé kẹta. Padà sí ìwé kìíní, kí o fi gbólóhùn kan tàbí méjì síbẹ̀, sí ẹnu ẹnìkan tí kò ṣe pàtàkì lójú òǹkàwé. Ní ti agbára tí akọni rẹ yóò fi ṣẹ́gun, wo ibi tí Adeyemi ti ṣe é dáadáa jù: láti ìwé kìíní ni a ti rí i pé agbára tí Zélie bá fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ pè lè gba ẹ̀mí rẹ̀, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ó bá tún fẹ́ pè é, àyà òǹkàwé ń já. Bí agbára tuntun bá kàn já bọ́ láti ọ̀run ní orí ìkẹyìn, tí kò sì ná akọni ní nǹkan kan, òǹkàwé rẹ kò ní bẹ̀rù fún un.

Èdè Yorùbá tí o fi ń kọ ọ́, má ṣe fi sílẹ̀. Ọfọ̀ àti orúkọ nìkan ni Yorùbá nínú ìwé Adeyemi. Nínú tìrẹ, ọjà, ìjà, àwàdà àti ẹkún ni yóò jẹ́ Yorùbá, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ kò sì ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ púpọ̀ láti kà. Fi orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ìwé kìíní ránṣẹ́ sí wa, kí àmì ohùn pé lórí rẹ̀, pẹ̀lú ojú ewé kan tí o ti kọ àwọn gbèsè inú ìtàn náà sí. N óò kà á fúnra mi, n óò sì kọ ohun tí mo bá rí sí i.